Ìlà Eérú Nísàlẹ̀ Màpó

Bọ́ọ̀lù náà kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Irun orí mi ti funfun báyìí bí òwú, mo ti kàwé dé yunifásítì nílùú òyìnbó, mo ti sin bàbá mi, mo ti tọ́ ọmọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ní àṣẹ tó gbẹ́nu lé e kó sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó kanlẹ̀, ó sì kọjá ìlà." Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ti kú sílùú rẹ̀, níbi tí yìnyín ti ń bo sàréè mọ́lẹ̀.

Mo ṣì máa ń lá a. Nínú àlá náà, ọyẹ́ ti bo Ìbàdàn débi pé òkè Màpó kò ní ìdí mọ́. Orí rẹ̀ nìkan ló léfòó lójú sánmà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí omi. Òrùlé koríko àti òrùlé páànù tó ti dípẹtà, láti Ọjà'ba dé Oníyanrìn, ń mí sókè, wọ́n ń mí sísàlẹ̀. Mo ń sáré, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin wà lábẹ́ abíyá mi. Ẹnì kan dúró níwájú nínú aṣọ funfun. N kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó jí.

Kí n sọ irú ẹni tí ọ̀tá mi jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ibi tó dáa lára rẹ̀ pamọ́. Ajẹ́lẹ̀ ni. Òun ni ìjọba fi ṣe alákòóso ìlú wa nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà Ìbàdàn, tí àwọn ilé ìtajà òyìnbó sì ń hù ní Gbági bí olú. Ó ga, ó gbẹ, eékún rẹ̀ ọ̀tún kì í ká dáadáa. Etí rẹ̀ méjèèjì ti wú, wọ́n sì ti lọ́ pọ̀ bí òkèlè iyán tí ọmọdé tẹ̀ tó sì gbàgbé sílẹ̀. Àwọn obìnrin Bẹẹrẹ máa ń sọ pé ìyá rẹ̀ ló fà á létí jù nígbà tó wà ní kékeré.

Kì í ṣe ìyá. Rọ́gbì ni. Eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá nìyẹn, tí ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà àwọn ẹgbẹ́ kejì, tó sì fi kanlẹ̀ níbẹ̀, yóò gba àmì. Láàárín ara wa, ìkanlẹ̀ la máa ń pè é. Òyìnbó yìí ló mú eré náà dé ọ̀dọ̀ wa, òun ló kọ́ wa, òun náà ló sì ń ṣe rẹfirí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ẹnì kan náà ló mú bọ́ọ̀lù wá, tó mú òfin wá, tó tún mú fèrè dání.

Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlélógún. Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ajẹ́lẹ̀ ní kí n máa wá sílé òun lókè Àgọ́dì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n máa bá òun kọ ìwé eré: ẹni tó gbá, ẹni tó borí, ẹni tó ṣẹ̀. Ìwé ńlá aláwọ dúdú kan ni. A óò jókòó sí fàráńdà, atẹ́gùn á máa fẹ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ìlú á máa tú èéfín ìrọ̀lẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá kọ̀wé tán, ajẹ́lẹ̀ á sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, n kò sì gbàgbé nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, ayaba arúgbó wọn ṣì ń wọ aṣọ dúdú nítorí ọkọ rẹ̀ tó kú, kò sì bọ́ ọ títí òun náà fi kú. Ìlú tí ẹ̀rọ ìhunṣọ pọ̀ sí ni wọ́n ti bí i. Èéfín a máa dí ojú oòrùn pa. Ogún ọkùnrin ni wọ́n ń kó sí apá kan nígbà náà, ogún sí apá kejì, wọ́n á fi orí kọrí bí àgbò nínú ẹrẹ̀, oru á máa rú láti ara wọn nínú òtútù. Ó ní tí àwọn bá ti dì mọ́ra báyẹn, òun kì í mọ apá tó jẹ́ tòun mọ́. Tó bá dé ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó máa ń wo ọ̀nà Màpó, ojú rẹ̀ a wá rí bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ohùn nínú kànga. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn.

"Kò sí rẹfirí láyé ìgbà náà," ó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Tí àríyànjiyàn bá dé, olórí ẹgbẹ́ méjèèjì á dúró láàárín pápá, wọ́n á bi ẹni tọ́rọ̀ kàn pé, ṣé o fi kanlẹ̀? Ohun tó bá sọ, ibẹ̀ ni abẹ gé."

"Tó bá purọ́ ńkọ́, sà?"

Ó fọwọ́ pa etí rẹ̀ tó lọ́ pọ̀. "Wọ́n bi èmi náà lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wó lé mi lórí nínú ẹrẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni mo tẹ̀ ni tàbí àyà ẹlòmíràn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi kanlẹ̀. Wọ́n sì gbà mí gbọ́."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi mú fèrè nìyẹn."

Lẹ́yìn èyí ni eékún rẹ̀ já, tó sì di rẹfirí, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin kiri ìlú wọn pẹ̀lú fèrè kan lápò. Láti ibẹ̀ ó di akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré náà. Àwọn àgbà onírùngbọ̀n á yí tábìlì ká, wọ́n á máa jiyàn lórí ìgbà tí bọ́ọ̀lù kú àti ìgbà tó ṣì wà láàyè. Ó ní ìjókòó ibẹ̀ pẹ́ jù, àfi bí ìsìn òkú. Nígbà tí ìjọba wá ń wá ọkùnrin tó mọ ìṣàkóso, tí kò sì ní ìyàwó tí yóò sunkún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rí i. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, tó ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ Ìdí Arère bí ẹni ń wò bóyá bọ́ọ̀lù jáde tàbí kò jáde.

Bàbá tèmi jẹ́ aránṣọ ní Bẹyẹrúnká. Ọrùn agbádá ni iṣẹ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà yí ọrùn àti àyà rẹ̀ ká. Wọn kì í fi okùn wọn aṣọ. Wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á ní, "Ó fi ìka mẹ́ta gùn jù." Ẹ bá wọ̀n ọ́n, ìka mẹ́ta náà ni. Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Nígbà tí mo gba ìrìbọmi nílé ẹ̀kọ́ ìjọ, wọn kò lù mí, wọn kò lé mi jáde. Wọ́n kàn dẹ́kun dídá mi lóhùn ni. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn láràárọ̀, tí wọ́n á máa ránṣọ lọ bíi pé atẹ́gùn ló wọlé. Ìyá mi á fi ojú sọ fún mi pé kí n dìde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò ní kó dìde, orí ilẹ̀ ló ṣì wà, ibi yòówù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé. Orí ilẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Orí ilẹ̀ náà ni mo wà lórí fàráńdà Àgọ́dì.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni àwa tíṣà àti àwọn akọ̀wé Gbági pàdé, ṣòkòtò péńpé nídìí gbogbo wa, lórí pápá tó wà nísàlẹ̀ òkè Màpó. Ìlà òpin pápá, eérú ni wọ́n fi fà á, nítorí ẹfun ti tán. Ọlọ́pàá ajẹ́lẹ̀ ló fà á láàárọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ewúrẹ́ ti tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn sì ti jẹ apá kan rẹ̀. Mo kọ ìyẹn sínú lẹ́tà ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ajẹ́lẹ̀ lẹ́yìn náà: ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ òdodo kò gbọdọ̀ fi eérú fa ìlà lásìkò ọyẹ́.

Èrò pọ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ láti wò wá.

"Ẹ̀yin tíṣà!" obìnrin kan pariwo, igi ìdáná ṣì wà lórí rẹ̀. "Ṣé ẹyin kan ṣoṣo yìí náà lẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ para yín? Ẹ wá sílé mi, mo ní adìẹ!"

"Ìyá, ẹyin yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè," ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn.

"Mo rí i. Ẹ ti fi itan gbogbo hàn wá tán, kò sì tíì jinná!"

Àwọn akọ̀wé ti ní ìkanlẹ̀ kan. Àwa kò ní nǹkan kan. Ó ku díẹ̀ kí eré parí nígbà tí bọ́ọ̀lù ta sí mi lọ́wọ́ lápá òsì pápá, tí n kò sì rí ẹnì kankan níwájú mi.

N kò gbọ́ ariwo mọ́. Eruku ọyẹ́ pọ́n bí omi osùn, oòrùn rọ̀ sínú rẹ̀, mo sì ń sáré nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, bíi pé gbogbo Ìbàdàn ti mú èémí rẹ̀ dúró dè mí. Mo rí eérú náà, fífẹ́ẹ́rẹ́, bí ipa ìgbín lórí ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀ mo rí ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà awọ pupa. Mo mọ bàtà náà. Mo gbójú sókè: bàbá mi ni, nínú agbádá funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò wá wo eré wa rí. Wọ́n ní eré àwọn tí ẹ̀kọ́ ti sọ di aṣiwèrè ni.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí n kò sáré kọjá. Kí n sáré kọjá bàbá mi? Pẹ̀lú itan níta? Ara mi ti wálẹ̀ kí orí mi tó mọ̀. Mo na gbalaja. Bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ àyà mi, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ sì wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà pupa náà. Mo gbọ́ ẹnu mi tó ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Tẹ̀sùbáà ró lọ́wọ́ wọn, ó tún ró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn tí n kò gbọ́ láti ọdún méjì. Wọ́n pe oríkì mi, èyí tí n kò ní kọ síbí. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí."

Fèrè dún.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì pápá tí ajẹ́lẹ̀ fi wà lẹ́yìn mi. Mo tún un sọ: ìdajì pápá, nínú eruku, pẹ̀lú eékún tí kò ká. Ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń mí hẹlẹ, ògbifọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ọkùnrin tó máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìjòyè.

"Kì í ṣe ìkanlẹ̀," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "O dúró kí o tó dé ìlà. Bàbá àgbà yìí lo kí."

Inú bí mi. Ẹ dákun, ẹ wo gbólóhùn tí mo sọ, nítorí òun ni wọ́n fi mú mi. Mo dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Mo kọjá ìlà, sà! Mi ò kí ẹnikẹ́ni! Bọ́ọ̀lù ni mo fi kanlẹ̀!"

Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ̀rín músẹ́ wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń bá àlejò pàtàkì fọ̀.

"Kí lọmọ mi ń sọ?" wọ́n bi ògbifọ̀.

Ògbifọ̀ wo èmi, ó wo bàbá mi. "Ó ní eré náà dùn, bàbá."

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Àgọ́dì láti kọ̀wé gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ajẹ́lẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò gùn: Kò sí ìkanlẹ̀. Ó kí bàbá rẹ̀. Ó sọ pé òun kò kí ẹnikẹ́ni; irọ́ ló pa. Mo gbé kálàmù kalẹ̀, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ sílé. N kò kọ̀wé fún un mọ́.

Lẹ́tà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Mo sọ fún un pé ibi tó wà jìnnà. Mo sọ fún un pé mo ní kó wá wo ìlà lójú ẹsẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí mi ni afẹ́fẹ́ gbé lọ, kì í ṣe tirẹ̀. Mo rán an létí pé nígbà ayé tirẹ̀, ẹni tọ́rọ̀ kàn ni wọ́n ń bi. Wọ́n bi í, kò mọ̀, ó ní òun mọ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́ nítorí irú ọmọ ẹni tó jẹ́. Kí ló wá mú ẹnu tèmi wúwo kéré sí tirẹ̀? Kò fèsì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan akọ̀wé ìgbìmọ̀ eré, ẹni tí ọ̀rọ̀ irọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kò lè ṣe é. Wọ́n fún akọ̀wé Gbági kan tí kò lè ka ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìṣì í kà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mi gbọ́ sí i, ó wá ń yẹ ìwé tí mo bá ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nínú láíbìrì yunifásítì, mo wá ìwé òfin eré náà kàn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà. Ó sọ ibi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà. Kò sí ibì kan tó ti béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fi kanlẹ̀, tàbí ẹni tó ń kí.

Àmọ́ nílé wa ní Bẹyẹrúnká, ìtàn mìíràn ni wọ́n ń sọ. Oníbàárà tó bá wá fún ọrùn agbádá yóò gbọ́ ọ kó tó jókòó.

"Láàárín àwọn òyìnbó," bàbá mi á wí, abẹ́rẹ́ á dúró sójú kan, "láàárín eré, tí eruku ti bo ojú, ọmọ yìí rí mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Kò tijú."

"Ẹ̀yin náà ẹ tọ́ ọ ni," oníbàárà á wí.

"Ọlọ́hun ló tọ́ ọ."

Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ẹbí tó wá láti Oníyanrìn. Láràárọ̀ tí mo bá sì ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n á pe oríkì mi, wọ́n á ní kí n dìde. Ẹ̀yin náà rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti há mi lọ́rùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú àwọn lẹ́tà mi ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò kí bàbá mi. Kíkí náà gan-an sì ni mo ń jẹ láràárọ̀, bí oúnjẹ.

Ọyẹ́ mìíràn ti wọlé nígbà tí a gbọ́ pé ìgbà ajẹ́lẹ̀ ti pé, pé ó ń padà sílùú rẹ̀, ó sì ń gbé ìwé eré náà lọ. Lọ́jọ́ tó ṣíwájú ìrìn àjò rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí mi: kí n mú bàbá mi wá sí Àgọ́dì, òun kò fẹ́ fi ẹjọ́ kankan sílẹ̀ lẹ́yìn.

Bàbá mi wọ agbádá funfun náà àti bàtà pupa. A gun òkè náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń lo ọ̀pá nígbà náà. Àpótí ẹrù kún fàráńdà, ìwé aláwọ dúdú náà nìkan ló wà lórí tábìlì. Ajẹ́lẹ̀ ti rù. Ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ náà bí òdòdó.

Ó bá ògbifọ̀ sọ̀rọ̀. Ògbifọ̀ kọjú sí bàbá mi. "Bàbá, ajẹ́lẹ̀ ń béèrè pé, lọ́jọ́ eré yẹn, ṣé ọmọ yín kí yín?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń béèrè ìyẹn sí? Ta ló ń ṣiyèméjì?"

Ajẹ́lẹ̀ gbé ọwọ́ sókè kí ògbifọ̀ tó túmọ̀ rẹ̀. "Rárá," ó sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. "Nígbà ayé tèmi, ẹni tọ́rọ̀ kàn ni wọ́n ń bi. Lẹ́tà rẹ rán mi létí. Ìwọ ni mò ń bi. Èdè yín ni kó o fi dá mi lóhùn, kí bàbá rẹ gbọ́. Ohun tó o bá sọ ni màá kọ, màá sì pa èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ṣé o kí i?"

Ó gbé ìwé náà ṣí, ó ti kálàmù bọ inú tàdáwà.

Ohun tí mo ń wá láti ọdún kan wà níwájú mi. Gbólóhùn kan péré ni. Mo wo ìta láti fàráńdà náà. Gbogbo ìlú wà nísàlẹ̀, kò ní ìdí, ó léfòó nínú eruku, Màpó wà láàárín rẹ̀. Bàbá mi ń wò mí. Kò sí ìbẹ̀rù lójú wọn rárá. Wọ́n ń dúró láti gbọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀.

"Bàbá mi ni mo kí," mo wí.

Bàbá mi mi orí sí ajẹ́lẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, ṣó o gbọ́?

Ògbifọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kọ̀wé fúngbà díẹ̀, ó sì yí ìwé náà sí mi kí n rí i. Ó ti fa ìlà pa ọ̀rọ̀ irọ́ náà rẹ́. Sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: Ó jẹ́wọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "O ṣe ohun tí èmi kò lè ṣe nígbà tí mo wà ní ipò bíi tìrẹ," ó wí, omi sì lé sí i lójú. Ó gbà pé oore ló ṣe mí. Mo jẹ́wọ́! Bí olè tí wọ́n ká mọ́ ìdí iṣu. Mo dúpẹ́, a sì sọ̀kalẹ̀.

A rìn títí a fi dé pápá nísàlẹ̀ Màpó. Bàbá mi dúró kí wọ́n sinmi. Koríko ti bo ibẹ̀, ewúrẹ́ méjì ń jẹ̀.

"Ìbéèrè òyìnbó yẹn ò yé mi," wọ́n wí. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ eérú ló fẹ́ bi mí."

"Eérú wo, sà?"

"Eérú tí wọ́n fi fa ìlà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sún kúrò níbẹ̀ kó má baà ba bàtà mi jẹ́." Wọ́n wo ilẹ̀ bí wọ́n ti máa ń wo aṣọ. "Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta, láti bàtà mi dé ibi eérú. Orí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí lẹ́sẹ̀. Nígbà tó o dìde, orúnkún rẹ ni eérú wà. Kò sí ẹyọ kan láyà rẹ, kò sì sí lára ẹyin òyìnbó yẹn."

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ọdún kan gbáko. Ẹlẹ́rìí mi ń sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú mi, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fi ìka kan ṣìnà, kò sì sí ẹni tó bi í. Èmi pàápàá kò bi í.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́, sà?"

"Wọ́n bi mí ni? Kíkí ni wọ́n ń bi."

Oòrùn ṣì ku díẹ̀. Bí mo bá sáré, mo lè bá ajẹ́lẹ̀ lórí fàráńdà. Mo kọjú sí ọ̀nà Àgọ́dì.

"Ṣé o fẹ́ padà lọ?" bàbá mi bi mí. "Jẹ́ ká jọ lọ. Màá sọ ọ́ fún un. Kó ṣí ìwé rẹ̀, kó ka ohun tó kọ, èmi náà á sọ ohun tí mo rí."

Kó ka ohun tó kọ. Mo rí i lọ́kàn mi: ìwé ní ṣíṣí, ògbifọ̀ níwájú rẹ̀, tí kò lè sọ lẹ́ẹ̀kejì pé eré dùn. Ó sọ pé òun kò kí ẹnikẹ́ni. Ìlà tí ajẹ́lẹ̀ fà pa irọ́ náà rẹ́ kò kan gbólóhùn yẹn. Ó ṣì wà níbẹ̀, ní tàdáwà, ohùn mi gan-an ni, bàbá mi á sì gbọ́ ọ.

"Ó ti pẹ́ jù, sà," mo wí.

Wọ́n fi ara ti ọ̀pá wọn. "Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó ò ń jágbe mọ́ òyìnbó, kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kò rí wa dáadáa ni, sà."

"Òótọ́ lo sọ," bàbá mi wí. Wọ́n fi ọ̀pá wọn fa ìlà gbọọrọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ náà, láàárín koríko, láìkánjú. "Ibí ni."

A lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́, mo yà síbẹ̀. Ìlà náà ṣì wà. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo kọjá rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta, mo sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú apá mi nínú eruku. Ọkọ̀ ojú irin ké lápá Dùgbẹ̀, ó gbé ìwé aláwọ dúdú náà lọ. Mo dúró lẹ́yìn ìlà náà títí ohùn rẹ̀ fi tán nínú ọyẹ́.